Àkùrọ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Sí Nǹkan Níbẹ̀

Ìyá mi kì í ka nǹkan. Bí o bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, á ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Bí o bá bi í pé adìyẹ mélòó ló wà nínú àgò, á ní, "Wọ́n wà níbẹ̀." Bí ọ̀kan bá sọnù nínú wọn, yóò ti mọ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, yóò mọ àwọ̀ rẹ̀, yóò mọ ilé tó yà sí, yóò tún mọ irú ọbẹ̀ tí wọ́n fi sè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye àwọn tó kù kò ní ti ẹnu rẹ̀ jáde láéláé. Èmi ọmọ rẹ̀ wá lọ di tíṣà jọ́gíráfì. Kò sí ohun tí mi ò kà rí. Mo mọ iye àtẹ̀gùn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo mọ iye òpó iná tó wà láti ìlú wa dé Òmù, mo sì mọ mélòó nínú wọn ló ṣì ní wáyà lára. Mi ò mọ ibi tí mo ti kó àìsàn yìí. Ìyá mi ní láti ìdílé bàbá mi ni, nítorí gbogbo ohun tí kò dára lára mi, ibẹ̀ náà ló ti wá.

Ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ ló sọ àwa méjèèjì di ọ̀rọ̀ ìlú. Àkùrọ̀ wa wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn ọjà, níbi tí ṣíṣàn ti sú odò kékeré kan, tó kàn tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Lásìkò òjò, ẹsẹ̀ á rì níbẹ̀ dé orúnkún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo oko bá gbẹ fọ́nfọ́n, ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀fọ́ ti ń tutù. Ibẹ̀ ni ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ti ń hù, ibẹ̀ ni ìgbín, akàn àti ẹja àrọ̀ ń gbé, ibẹ̀ náà ni òjò ńlá máa ń yà sí tí kò fi ń gbé ọjà wa lọ. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyí. Ohun tí gbogbo wa mọ̀, kò sí ẹni tó máa ń sọ ọ́.

Ìgbìmọ̀ ìlú ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ ya gbogbo ilẹ̀ ìlú sórí ìwé kan: ibi tí ilé yóò máa wà, ibi tí oko yóò máa wà, ibi tí ọjà tuntun àti ibùdókọ̀ yóò bọ́ sí. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹfà, títí di òní "ìwọ yìí" ló ń pè mí. Ènìyàn rere ni, àmọ́ ó fẹ́ràn sìmẹ́ǹtì ju oúnjẹ lọ. Ó ti fi sìmẹ́ǹtì bo àgbàlá rẹ̀ débi pé àwọn adìyẹ rẹ̀ ń lọ tan ilẹ̀ ní ilé onílé. Nínú àwòrán tí òun àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ yà, funfun báláú ni wọ́n fi àkùrọ̀ sílẹ̀, wọ́n kọ "ilẹ̀ òfìfo" sí i, wọ́n sì fa ilà ọjà tuntun lé e lórí.

Dókítà kan láti yunifásítì ló ní kí wọ́n dúró ná. Ọmọ Benue ni obìnrin yìí, Ìlọrin ló ti sin ìjọba, ibẹ̀ ló ti kọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ó ní ilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ fún ọmọ ènìyàn láì gba owó iṣẹ́, omi ń ṣe iṣẹ́, igbó ń ṣe iṣẹ́. Ó ní kí a tó lé òṣìṣẹ́ lọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. "Ẹ lọ bi àwọn tó ń wọ àkùrọ̀ ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀," ó ní. "Ẹ kà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Alága gbà fún un kíá, torí ó dá a lójú pé kò sí nǹkan kan tí a óò bá níbẹ̀.

"Ẹ kà á" yìí ló wọ̀ mí lára. Kí Dókítà tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti na ọwọ́. Ó nílò ọmọ ìlú náà lóòótọ́, nítorí nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó kó wá, ọ̀kan gbọ́ Tiv, ọ̀kan gbọ́ Ìgbò, ẹ̀kẹta gbọ́ Yorùbá Èkó, èyí tí àwọn ìyá wa ò kà kún Yorùbá. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù àti bírò, wọ́n sì fi káàdì kan kọ́ mi lọ́rùn. Mo wọ káàdì yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo gbàgbé ni mi ò fi bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni n óò máa wí títí n óò fi kú.

Ilé Ìyá Ẹlẹ́kọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ẹ̀kọ rẹ̀ ni mo jẹ dàgbà. Àkùrọ̀ ló ti ń bọ̀ nígbà tí mo débẹ̀: ẹrẹ̀ ti dé orúnkún rẹ̀, ẹrù ewé tó rù bò ó lójú, apẹ̀rẹ̀ sì tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá a sọ ẹrù náà, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

"Ìyá, kí lẹ máa ń rí kó ní àkùrọ̀?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àkùrọ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ ti ń bọ̀ yìí."

"Háà! Kí ni mo fẹ́ rí níbẹ̀ ju ẹrẹ̀ lọ? Méè rí nǹkankan níbẹ̀, ọmọ mi. A kàn ń lọ na ẹsẹ̀ ni."

"Ewé yìí ńkọ́, mà?"

"Èwo?"

Nígbà yẹn, ìgbín kan ti yọ́ jáde nínú apẹ̀rẹ̀, ó gun orí fọ́ọ̀mù mi. Àwa méjèèjì ń wò ó. Ó rìn jẹ́jẹ́ kọjá lórí àpótí kékeré inú fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ "ìgbín" sí, ó fi ọ̀rinrin ara rẹ̀ sàmì sí i, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Ẹlẹ́kọ mú un, ó dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀. Mo kọ òdo. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ohun tí ẹnu olóhun bá sọ ni kí á kọ.

Ilé mẹ́tàlélógún ni mo wọ̀, òdo mẹ́tàlélógún ni mo rù jáde. Bàbá kan tó ń dá ògùrọ̀ ní ìsàlẹ̀ àkùrọ̀ ní òun ò dé ibẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú akèrègbè lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ nítorí ohun tó ti mu níbẹ̀.

Ẹ má rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá kí ọlọ́jà pé ṣé ọjà ń tà, bí igbá rẹ̀ bá tiẹ̀ ti ṣófo pátápátá, á ní, "A ń wò ó." Ẹni tó kórè iṣu tó kún abà á ní ọdún yìí rí bákan. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kì í sì í kà á, torí ohun tí o bá ti kà sókè, o ti fi han ẹni tó fẹ́ kó dín. Mo mọ gbogbo èyí. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Àmọ́ káàdì ọrùn mi ti kó sí mi lórí.

Ilé wa ni mo fi kádìí rẹ̀. Ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń di ewé ní ìdì ìdì fún àwọn oníbàárà rẹ̀, tí àwọn kan ti Ìrè wá. Bí mo ṣe ń fi ojú ka àwọn ìdì náà, ó fi etí ìró rẹ̀ bò wọ́n.

"Ẹ káàsán, mà," mo ní. "Mo wá láti—"

"Láti inú yàrá," ni ìyá mi dáhùn.

"Ìjọba ló rán mi, Màámi."

"Ùjọba ti jẹun?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ìdì ewé mélòó lẹ máa ń rí kó ní àkùrọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan?"

"Sọ fún ùjọba pé a dúpẹ́."

"'A dúpẹ́' kì í ṣe iye, Màámi."

"Kọ ọ́ nígbà náà pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kí o lọ jẹun. Uyán rẹ ti ń tutù."

Mo kọ òdo, mo lọ jẹun. Ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ̀ ni ọbẹ̀ ọjọ́ náà, akàn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti lá àwo tán kí n tó rántí ibi tí wọ́n ti wá.

Nígbà tí Dókítà gba àwọn fọ́ọ̀mù náà, ó ṣí wọn lọ, ó tún ṣí wọn bọ̀. "Tíṣà, gbogbo rẹ̀ ni òdo?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

Ó ní òun fúnra òun wọ àkùrọ̀ náà láàárọ̀, bàtà òun kan ṣì wà níbẹ̀, obìnrin mọ́kànlá ló sì bá òun fa ẹsẹ̀ yọ. "Kí ni gbogbo wọn ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ní wọ́n ń na ẹsẹ̀ ni, mà."

Inú Alága dùn dé ọrùn. "Ṣebí mo ti wí?" ó ní. "Ìwé ti sọ̀rọ̀." Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, a óò pàdé ní gbọ̀ngàn ìlú, òun yóò lu òǹtẹ̀ mọ́ àwòrán náà, lẹ́yìn náà àwọn tó máa da òkúta sí àkùrọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni ara mi tutù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí òwúrọ̀ tí ìyá mi kì í lọ sí àkùrọ̀, àfi bí ara rẹ̀ ò bá yá. Kò ní oko mìíràn. Kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti gbó kọjá kó so. Bí wọ́n bá da òkúta síbẹ̀, ibo ni obìnrin tó ti dàgbà báyìí yóò wá gbà? Èmi, ọmọ tó rán lọ sí ilé-ìwé, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ òdo sí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí. Mo bọ́ káàdì náà, mo fi í sápò.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n fẹ́ fi àkùrọ̀ ṣe ọjà, ó kọ́kọ́ rò pé eré ni mò ń ṣe.

"Ta ló fún wọn?"

"Ẹ̀yin náà ni, Màámi. Ẹ ní kò sí nǹkan níbẹ̀."

Ó fi ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ùwọ lo bi mí, mo sì dá ọ lóhùn bí a ti ń dá ènìyàn lóhùn. Ohun tí mo sọ lo wá lọ kọ?"

"Kí ni ǹ bá tún kọ?"

"Ohun tí o mọ̀! Kí lo kọ́ ní gbogbo ulé-ùwé tí mo rán ọ lọ? Ọmọ tí mo bí, tó mọ ibi tí mò ń lọ láràárọ̀, òun ló wá gbà mí gbọ́!"

Ó tún gbé ewé rẹ̀, ó kẹ́yìn sí mi. Inú ń bí i, ẹ̀rù sì wà nídìí ìbínú náà.

Mo padà lọ bẹ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Mo ṣàlàyé fún un pé bí kò bá sọ ohun tó ń kó, àkùrọ̀ ti lọ nìyẹn. Ó mi orí. "Èmi méè rí nǹkankan kó," ó ní. "Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ ẹni tó ń kó o, pe ìyá rẹ. Ìyá rẹ yẹn! Ó ń fi ewé sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ni? Ùdì ogún lójúmọ́, ojú mi báyìí ló rí i. Méè tíì ka ẹ̀fọ́ rẹ̀ mọ́ ọn o."

Mo fa bírò yọ nínú àpò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ́ ẹyẹ. "Ta tún ni, mà?"

Báyìí ni mo ṣe rí ọ̀nà. Ọmọ ìlú wa kò ní ka tirẹ̀, àmọ́ ti aládùúgbò kì í wúwo lẹ́nu. Mo tún àwọn ilé mẹ́tàlélógún náà yí ká, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa ara rẹ̀ mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, fọ́ọ̀mù mi kún níwájú, ó kún lẹ́yìn. Mo gbọ́ iye ata, iye akàn, iye ọparun. Mo gbọ́ nípa ẹja àrọ̀ kan tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Gbogbo ìlú ló jẹ́rìí sí bàbá ológùrọ̀, wọ́n mọ akèrègbè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ló wá yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí mo bi í nípa Ìyá Ẹlẹ́kọ, ó ka ìgbín obìnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé ìparí rẹ̀, kò mí, kò ṣì í. Èèyàn tí mo ti rò láti kékeré pé òǹkà ò yé!

Mo gbé e lọ fún Dókítà tayọ̀tayọ̀. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Tíṣà, lọ́sẹ̀ tó kọjá kò sí nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹja inú àkùrọ̀ yìí lè bọ́ gbogbo Èkìtì."

"Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́, mà."

"Òfófó ni o kó wá fún mi." Kò bínú, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè fi òfófó ya àwòrán ilẹ̀. Ẹni tó bá ń rí nǹkan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nípàdé. Mo mọ̀ pé ó ti tán nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Alága so àwòrán náà mọ́ ara ògiri, àkùrọ̀ ń tàn funfun láàárín rẹ̀. Ó gbé òǹtẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣí ike tàdáwà rẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa fi àkókò ṣòfò. Èmi ni akọ̀wé. Dókítà dìde, ó bèèrè ní Yorùbá Ìlọrin rẹ̀ pé ta ló ń rí nǹkan jẹ ní àkùrọ̀, kó jọ̀ọ́ kó dìde, kó sọ ohun tó ń rí.

Ẹ wá wo àwọn ìyá wa. Ọ̀kan ń wo páànù òkè. Ọ̀kan rí òwú kan ní etí ìró rẹ̀, ó ń fà á. Ìyá Ẹlẹ́kọ di ojú, ètè rẹ̀ ń mì, ó ti kó sínú àdúrà. Bàbá ológùrọ̀ ti sùn. Dókítà tún bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Alága wò ó tàánútàánú, ó na ọwọ́ sí òǹtẹ̀ rẹ̀.

Ìyá mi dìde.

"Mo kí gbogbo ulé," ó ní. "Ẹ ní kí n ka ohun tí mo rí ní àkùrọ̀. Méè mọ iye ewé tí mo ti já níbẹ̀ láti ujọ́ tí mo ti wọ ulé ọkọ. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo mọ iye ọmọ tí mo fi tọ́. Ọmọ méje ni mo bí."

Gbọ̀ngàn mì. "Ẹ gbà mí o!" ni Ìyá Ẹlẹ́kọ pariwo. "Panu mọ́, má kà wọ́n!"

"Méje," ni ìyá mi tún wí. Ó di àga iwájú rẹ̀ mú. "Méjì lọ. Márùn-ún kù. Bàbá wọn kú nígbà tí àbígbẹ̀yìn ṣì ń rá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ti inú ẹrẹ̀ yẹn jẹun. Tíṣà tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ń kọ ùwé, òun ni ùkẹfà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán tí ẹ ṣì fẹ́ da sìmẹ́ǹtì sí i, ó kù sí ọwọ́ yín."

Ó jókòó.

Ọmọ kẹrin ni mo mọ ara mi sí láti ìgbà tí mo ti dáyé; kò sí ẹni tó sọ ti àwọn méjì yẹn fún mi rí. Èmi tí mo mọ iye òpó iná dé Òmù. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, mi ò rí ìwé tó wà níwájú mi mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ló tẹ̀ lé e. "Bó bá ti di pé a ń kà," ó ní, "èmi ò ní í jókòó kí ẹlòmíràn kà á fún mi." Ó ka ìgbín, ó ka ewé, kò ka ọmọ. Lẹ́yìn tirẹ̀, wọ́n ń dìde ní méjì méjì. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí kọ fúnra rẹ̀, torí ó rí i pé akọ̀wé òun ò kọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n jí bàbá ológùrọ̀, òun náà jẹ́wọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Alága ti pa ike tàdáwà rẹ̀ dé. Wọ́n gbé ọjà tuntun lọ sí ilẹ̀ líle kan lọ́nà Ìpáò, níbi tí ẹ̀gẹ́ pàápàá kọ̀ láti hù, wọ́n sì kun àkùrọ̀ ní àwọ̀ ewé nínú àwòrán. Alága bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi sìmẹ́ǹtì ṣe gọ́tà kékeré kan ṣá lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n fún un ní gọ́tà.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi ní kí n fi fóònù mi bá òun pe àwọn ọmọ òun. Ó ní òun ti kà wọ́n lójú gbogbo ayé, òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà. A pe ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní Àkúrẹ́.

"Ara rẹ le?"

"Ara mi le, Màámi. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan." Ó ní kí n pe ti èkejì. Nígbà tó kan àbúrò mi tó wà ní Kánò, ó ní kó húkọ́ kí òun gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe rí. Àbúrò mi ní ibi iṣẹ́ lòun wà. Ìyá mi ní kó húkọ́ níbi iṣẹ́ náà. Nígbà tí a pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ó yíjú sí èmi tí mo jókòó tì í.

"Ùwọ ńkọ́? Ara rẹ le?"

"Ara mi le, Màámi."

"Ó dáa."

Kò dá fóònù náà padà fún mi. Ó gbé e sórí itan, ó ń wò ó, bí ẹni pé ó ṣì ku ẹni méjì tí yóò pè. Mo wá bi í ní ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kí n bi í: kí ni orúkọ àwọn méjì tó lọ? Ó sọ orúkọ méjèèjì fún mi, ó sọ èyí tó fẹ́ràn ẹ̀kọ gbígbóná, ó sọ èyí tó lọ kó tó mọ ìrìn. Mo sunkún níwájú rẹ̀, mi ò fi pamọ́. Bírò wà lápò mi, ìwé wà lórí tábìlì. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀.